Gáùn Tí Mo Gé

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa orí rédíò. Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi. Aránṣọ ni mí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun nìkan ló sì ń gé aṣọ. Ẹ̀rù ń bà mí: a lè tú èyí tí a rán, ta ló lè tú èyí tí a gé? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀, ìyàwó ojú ọ̀nà sì ń retí gáùn. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e, mo sì rán an. Ó bá ìyàwó mu rẹ́gí.

Ẹ̀gbọ́n mi rí i, ó ní, "Ọwọ́ mi yìí kì í tàsé." Ó rò pé òun ti gé e sílẹ̀ kí ibà tó dé.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n fi ìyìn yẹn sílẹ̀ fún un ni? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ ni kí ẹ ka lẹ́tà yìí, nígbà tí àwa méjèèjì jọ ń gbọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá yíjú sí mi, mi ò ní sá.