Báàfù Ìfọṣọ Mi Lórí Òrùlé

Ọmọ mi àtàtà, awòràwọ̀ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń wo ojú ọ̀run ńkọ́, pàápàá ọmọbìnrin tó di ọwọ́ mi mú nígbà tí à ń gun àtẹ̀gùn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ kọ bí ẹ ṣe ń wòkè ní gbogbo ìgbà, ọrùn ò ní dùn yín. Èmi délé láyọ̀. Awakọ̀ yẹn ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n mo délé.

Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ pé mo bá yín wọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ẹ̀rọ lọ sójú ọ̀run, tí mo dé inú lọ́hùn-ún tí wọn kì í jẹ́ kí gbogbo èèyàn dé. Káàdì tí wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn lẹ́nu géètì, tí wọ́n ní ká dá padà, mo gbàgbé ni o, kì í ṣe olè. Mo fi kọ́rùn lọ pọn omi láàárọ̀ àná, ìyàwó bírìkìlà kúnlẹ̀ kí mi, bẹ́ẹ̀ “àlejò” ni wọ́n kọ sí i. Ọ̀rá tí wọ́n ní ká fi bo bàtà, ìkòkò ni mò ń fi bò báyìí, eṣinṣin ò rọ́nà wọlé mọ́.

Mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún bàbá rẹ. Mo ní mo rí sátẹ́láìtì lójúkorojú, pé bébà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi wé e lódindi, tí mo ṣe bí ìyàwó ni, tí mo béèrè ọkọ, tí ẹ̀yin sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ fi aṣọ funfun bora látorí dẹ́sẹ̀, pé mo kí wọn ẹ kú iṣẹ́ títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, àfìgbà tí o sọ pé gíláàsì àárín wa ló nípọn. Mo wá juwọ́, ẹnì kan sì juwọ́ padà, ọmọ tí wọ́n kọ́ re nìyẹn. Bàbá rẹ ń fá pákó wọn lọ ní tiwọn.

Ìgbà tí mo dórí abọ́ ńlá ìta yẹn ni wọ́n gbójú sókè. Mo ní abọ́ náà tóbi ju ilé wa lọ, ó ń yíjú díẹ̀díẹ̀, kò sì sí oúnjẹ kankan nínú ẹ̀. Mo ní ọ̀gá tó ń mú wa káàkiri sọ pé sátẹ́láìtì kan tí àwọn rán lọ ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ làwọn ń fi abọ́ yẹn pè é, táwọn ń tẹ́tí sí i. Mo bi í pé ṣé kò sú wọn ni. Ó ní ṣebí àwọn làwọn rán an lọ, bóyá lọ́jọ́ kan á kọjú sílé. Bàbá rẹ ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ẹni tó bá dákẹ́ kó máa dákẹ́ lọ. Ìwọ náà mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Láti ọjọ́ tí o ti fi ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà wọn sílẹ̀ lọ sídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ní kí o má pe àwọn mọ́, èyí nìkan lo gbọ́ràn sí nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti bá ọ sọ láyé rẹ! Orí kunkun yín dọ́gba. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́.

Wá gbọ́ o. Lọ́jọ́ kejì tí mo tọjà dé, mi ò rí báàfù ìfọṣọ mi, èyí onírin ńlá. Mo ké sí bàbá rẹ, orí òrùlé ni wọ́n ti dá mi lóhùn. Igi tí wọ́n ń tọ́jú fún bẹ́ẹ̀dì oníbàárà ni wọ́n fi kan ẹsẹ̀ fún un, wọ́n ṣe é kó lè máa yí, wọ́n kọjú ẹ̀ sí ọ̀nà ìlú tí o wà, wọ́n wá gbé fóònù wa sáàárín ẹ̀. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa. Mo ní kí wọ́n kúkú tẹ nọ́ńbà rẹ, wọ́n ní àwọn ò pe ẹnì kankan, àwọn kàn ń gbọ́ ni. Àwọn ará àdúgbò wá béèrè bóyá bọ́ọ̀lù ń lọ lórí ẹ̀, bàbá rẹ lé wọn, wọ́n ní ariwo ti pọ̀ jù. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni bàbá rẹ ń gbé àpótí sábẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n ń wòkè. Àwọn náà tí wọ́n ń pè ọ́ ní awòràwọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ rèé!

Àmọ́ òjò rọ̀. Báàfù kún, fóònù mumi yó. Mo yọ́ gun àkàbà, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo sá a sóòrùn. Àwọn ará àdúgbò ní kí n kì í bọ inú ìrẹsì, mo kì í bọ̀ ọ́, ìrẹsì wú, fóònù ò jí. Ó ti kú. Mi ò lè sọ fún bàbá rẹ, mo rọra dá a padà síbẹ̀. Lánàá, wọ́n jẹun tán, wọ́n ní ó jọ pé àwọn gbọ́ nǹkan. Mo wọlé lọ sunkún díẹ̀.

Ìyẹn ni mo fi kọ lẹ́tà. Mo nílò fóònù, mo nílò báàfù, oníbàárà sì ń béèrè bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ṣùgbọ́n má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi owó náà wọ ọkọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o dé, ojú títì tí báàfù kọjú sí gan-an ni kí o gbà, kí bàbá rẹ lè rò pé ẹ̀rọ àwọn ló pè ọ́ wá.

Ọ̀nà tó gbé ọ lọ á gbé ọ bọ̀ láyọ̀, o ò ní bá wa tì.

Èmi ni, ìyá rẹ.