Ọwọ́ Yín Kò Há Mọ́

Màámi,

Ara mi le. Àǹtí tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn dáa, "ìwọ yìí" ṣá ni wọ́n ń pè mí.

Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun ti dé ilé wa níbí, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin tí etí yín di, ọwọ́ tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ máa ń há sójú fóònù tí a bá pe ara wa ní fídíò, èmi á kàn mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àṣé ẹ ń bi mí bóyá mo fẹ́ lo ọdún kan sí i níbí!

Lánàá, gbogbo ìka yín hàn kedere: "Ṣé o fẹ́ wálé ni?" Mo sunkún. Àlùbọ́sà tí mò ń gé ni o. Ẹ fọwọ́ bú mi: "Olóríkunkun, o ò tètè sọ! Máa bọ̀." Èébú yẹn tù mí lára.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ní kí àbúrò mi kó ẹrù ẹ̀ kúrò lórí ibùsùn mi.