Ẹ Yọ Orúkọ Mi Kúrò Láàárín Àwọn Aláìníṣẹ́

Ojúlé Kẹrìnlá, Àdúgbò Sábó,
Òrè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

Alága,
Àjọ Ẹ̀yáwó Ẹ̀kọ́ Ìrètí-Ọ̀la,
Odìgbó,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE DÁRÍ GBÈSÈ Ẹ̀KỌ́ MI JÌ MÍ, NÍTORÍ MO NÍṢẸ́ LỌ́WỌ́

Èmi ni Hàlímọ̀, ọmọ Mùkáílà awakọ̀. Àjọ yín ló yá mi ní ₦360,000 tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn. Mo san ₦90,000 padà lọ́dún tó kọjá, ó ku ₦270,000. Lórí èyí tó kù yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá, ẹ lẹ orúkọ àwọn tí ẹ dárí gbèsè jì mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì yín. Èmi ni ẹni kọkànlá. Ohun tí ẹ kọ síwájú orúkọ mi ni: "Ẹ̀kọ́ ìtàn. Aláìníṣẹ́." Mo mọ̀ pé àánú ló mú yín ṣe é, mo sì dúpẹ́. Ẹlòmíì ì bá ti pa adìẹ. Èmi gun ọ̀kadà padà sí Òrè láìyọ̀, nítorí n kì í ṣe aláìníṣẹ́.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà gbà wọlé. Akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Oyèlọlá, wá sílé wa ní oṣù Keje. Ọmọlúàbí ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló sì fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé níbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo ní n kò ní. Ó bi mí pé ta ló ń san owó oṣù fún mi, mo ní kò sẹ́nì kankan. Mo wá sọ fún un pé òpìtàn ni mí. Ó wo ẹ̀gẹ́ tí mo ń bẹ lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ ohun tó kọ. N kò bá a jà. Àyè mẹ́rin péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù yín: iṣẹ́ ìjọba, iléeṣẹ́, ọjà àti iṣẹ́ ọwọ́. Oṣù Keje sì ni, ẹni tó bá ń jẹun lára kòkó kì í lówó lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Odìgbó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ mi nìyí. Ẹnu lásán ni baba àwọn àgbẹ̀ tó ti ìlú mìíràn wá dáko lágbègbè wa fi bá onílẹ̀ ṣàdéhùn, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí àwọn tó ṣàdéhùn bá kú tán, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ìjà. Èmi ni wọ́n ń pè. Màá gbọ́ tọ̀tún-tòsì, màá bá wọn rin ààlà, màá bi àwọn àgbà léèrè, màá wá ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá kà á sétí gbogbo wọn, wọ́n á sì tẹ̀ka sí i. Wọ́n ní bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn náà ni mo fi ọdún mẹ́rin kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìjà kan tó wáyé nílùú Ajue ṣàlàyé. Ògúndípẹ̀, ọmọ onílẹ̀, ní baba àgbà òun ló gbin kòkó tó wà létí odò. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé, àgbẹ̀ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ní òun àti bàbá òun ni àwọn gbìn ín. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń fà á. Ìyá Fẹ́yìsayọ̀, tó jẹ́ àbúrò bàbá Ògúndípẹ̀, ló sọ fún mi pé ìṣojú òun ni wọ́n gbìn ín, lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Màmá kò mọ iye ọdún náà. Èmi mọ̀ ọ́n: 1972 ni. Mo lọ ka ohun tí wọ́n kọ sára sàréè baba àgbà náà, 1969 ló kú. Òkú kì í gbin kòkó. Ògúndípẹ̀ alára rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ka pé ilẹ̀ ni tòun, kòkó ni ti Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo gboyè lọ.

Owó rẹ̀ kò pọ̀, n kò ní parọ́. ₦40,000 ni mo ń gbà lórí ìwé kan, nígbà tí wọ́n bá ta kòkó tán. Ìwé mẹ́sàn-án ni mo kọ lọ́dún tó kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó wà ní báǹkì ń gba iye yẹn láàárín oṣù méjì. Ṣùgbọ́n òógùn ojú mi ni.

Láti ìgbà tí ẹ ti lẹ orúkọ mi mọ́ ògiri, àbúrò Ògúndípẹ̀ ń sọ káàkiri pé ìwé tí aláìníṣẹ́ kọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé àwọn á gba kòkó náà padà. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé wọ ọkọ̀ láti Ajue wá bi mí bóyá òótọ́ ni pé n kò níṣẹ́. Ó dùn mí wọra. Bàbá mi náà, tó wa mọ́tò Òrè sí Benin fún ọgbọ̀n ọdún, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó rán ọmọ lọ kọ́ ìtàn àtijọ́, kò yọjú sí gáréèjì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì lẹ àtúnṣe mọ́ ògiri kan náà, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti tó o. Ẹ jẹ́ kí n máa san ₦90,000 ní oṣù Kejìlá ọdọọdún, nígbà tí kòkó bá ti di owó, títí gbèsè náà á fi tán. Mo ti san ti ọdún yìí sí báǹkì láàárọ̀ yìí, rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a padà. Ẹ fi àánú náà ṣe ẹlòmíì tó nílò rẹ̀ jù mí lọ lóore.

Tí fọ́ọ̀mù yín kò bá sì ní àyè fún iṣẹ́ mi, ẹ wo abẹ́ orúkọ mi nísàlẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀, kí akọ̀wé yín lè rí i dà kọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, onígbèsè tí ń san gbèsè rẹ̀,

Hàlímọ̀ Mùkáílà,
Òpìtàn.