Lọ́fíńdà Ìyá Sàlámọ́

Parakou, ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹrin, ọdún 1964

Nǹkan wẹ́wẹ́ pupa tún sú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bísí ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fi lé mi láyà bó bá ń mu ọmú gan-an. Láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ ni mo ti ń fi lọ́fíńdà Ìyá Sàlámọ́ pa àyà yìí.

Mo gbé e lọ sí ìsọ̀ ìyá náà ní àdúgbò Ladjifarani. Mo ní, "Màmá, kí ni wọ́n fi ṣe lọ́fíńdà yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òdòdó lásán ni, Ìyá Bísí. Ooru ló mú ọmọ."

Òdòdó wo? Inú ìgò ńlá tí kò ní ìwé kankan lára ló ti ń dà á! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Àgbà ni. Ó tún bu díẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí kò ṣe rí.

Sàlámọ́ ọmọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń fún ọmọ tirẹ̀ lọ́mú. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ náà, mo sì fi imú sún mọ́ àyà rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ ẹni tó ń ta lọ́fíńdà, òórùn òrí nìkan ni mo gbọ́ lára rẹ̀.