Bàbá Rẹ Wá Ọ Dé Orí Òkè

Dúdúyẹmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà, àwọn adìyẹ wà, òrùlé tó ń jò náà ò lọ ibì kankan. Ojú wa ò ní sunkún ara wa, àmín. Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ lórí fóònù ni mo jókòó kọ yìí, torí fóònù aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni, etí aránṣọ sì wà níbẹ̀.

Nígbà tó o fi fọ́tò ránṣẹ́ ní Sátidé, aránṣọ sáré gbé e wá, bí mo ṣe wò ó ni mo figbe ta. Ọmọ tí mo rán lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ló gbé ẹrù sẹ́yìn bí alábàárù, tó fi igi méjì tilẹ̀ bí arúgbó, tí òkè gàgàrà sì wà lẹ́yìn rẹ̀! Mo bi aránṣọ pé ta ló ń lé ọ. Ó ní kò sẹ́ni tó ń lé ọ, pé igbó ìjọba ni, pé ńṣe lèèyàn ń sanwó lẹ́nu géètì kó tó gùn ún, á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ni wọ́n wá ń lọ mú bọ̀, ó ní wọn kì í mú nǹkan kan bọ̀, kódà wọn ò gbọ́dọ̀ já ewé kan. Ẹnu mi ò tíì padé. Kéèyàn sanwó, kó làágùn, kó wá bọ̀ lọ́wọ́ òfo?

Aránṣọ wá fi àmì róbótó kan hàn wá nínú fóònù, búlúù, ó ní ìwọ nìyẹn. Èmi àti bàbá rẹ jókòó tì í, bó ṣe ń rìn là ń kí ọ kú ìrìn. Àfi bó ṣe dúró. Mo ní kí aránṣọ gbọn fóònù, ó gbọ̀n ọ́n, o ò mira. A pè ọ́, obìnrin kan ló dáhùn pé a ò lè rí ọ bá sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, ṣebí òun àti ìwọ lẹ jọ wà lórí òkè, kó gbé e fún ọ, àfi bó ṣe bọ́ sí èdè òyìnbó. Bàbá rẹ dìde. Ó wọ bàtà, ó jáde.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ kó o tó pè pé bátìrì ló kú. Mo dúpẹ́ títí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún ọ pé bàbá rẹ ti wọkọ̀ lọ sí òkè yẹn láti lọ gbé ohun tí mi ò lè kọ sínú ìwé. Òun náà ò sì ní fóònù.

Nígbà tó dé géètì, ó bi ẹ̀ṣọ́ pé níbo ni wọ́n tọ́jú ọmọ òun sí. Ẹ̀ṣọ́ ní gbogbo ẹni tó gòkè lánàá ló ti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ ní àfi kóun fojú ara òun rí i. Ó sanwó. Ọkùnrin tí kì í dìde lórí àga láìdi ògiri mú! Ó ń gùn ún, ó ń yọjú wo abẹ́ igbó, ó ń pariwo orúkọ rẹ. Àwọn tó pàdé bi í pé ta ló ń wá, ó ṣàlàyé, làwọn náà bá ń bá a pè ọ́. Ó ní Dúdúyẹmí gba gbogbo òkè kan. Orí mi wú nígbà tó ń sọ ọ́.

Lókè téńté, ó ní ibẹ̀ kún bí ẹnu ọ̀nà báńkì, wọ́n tò torí àtiya fọ́tò lórí àpáta kan ṣoṣo. Obìnrin kan níbẹ̀ ló bá a pe nọ́ńbà tí aránṣọ rán mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, aránṣọ sì sọ fún un pé o ti délé, pé o tiẹ̀ ti jẹun. Ọmọ mi, bàbá rẹ jókòó sáàárín èrò, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó dìde, ó wo ìlú yín nísàlẹ̀, kò mọ èwo ni òrùlé tìrẹ, ló bá ṣí fìlà, ó ń fì í sí gbogbo wọn.

Ojú ló tì í tí kò fi yà sọ́dọ̀ rẹ. Ó ní kí lòun fẹ́ sọ pé òun wá ṣe.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, owó ọkọ̀ rẹ̀ ti gbé owó oúnjẹ adìyẹ lọ. Fi nǹkan kún un, torí ó ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè, ẹ̀rù sì ń bà mí. Bó o bá tún ń lọ, mú un dání.

Òkè tó o bá gùn, wàá sọ̀ ọ́ láyọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀. A ò ní wá ọ tì.

Èmi ni, ìyá rẹ.