Ìtẹ̀ka Àwọn Òmùwẹ̀ Umm Sidra

Ilé Ìtọ́jú Aláìsàn Etíkun,
Àdúgbò Àwọn Òmùwẹ̀,
Umm Sidra.

3 Oṣù Kẹwàá, 1938.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gba Ẹ̀bẹ̀ fún Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì,
Ilé Aṣojú Ìjọba,
Umm Sidra.

Ẹ̀yin Ọ̀gá tí gbogbo ìlú wa ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu yín,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ GBA ÌTẸ̀KA 389 PADÀ SÍNÚ ÌWÉ TÍ A FI BÉÈRÈ ÌGBÌMỌ̀ ÌLÚ TÍ A Ó FÚNRA WA YÀN

1. Orúkọ mi ni Khalaf bin Nawwaf. Dókítà ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà ní Bọ́ḿbè, ó sì ti di ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń tọ́jú etí àti ọwọ́ àwọn tó ń mòòkùn wá péálì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí kálámù mi bá ń sáré. Láti àná tí mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè jókòó sójú kan.

2. Ní oṣù Kẹjọ, ẹ kéde pé bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àgbà ọkùnrin bá fọwọ́ sí ìwé kan, ẹ ó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n lè gbé e yẹ̀wò bóyá kí ìlú fi ìbò yan ènìyàn méjìlá tí yóò máa bójú tó kóòtù, ilé-ìwé àti èbúté wa. Lónìí, ọwọ́ olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo tí ẹ mú wá láti òkèèrè ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá ọkùnrin ló fọwọ́ sí i. Ní Sátidé tó kọjá, akọ̀wé yín tó ń yẹ ìtẹ̀ka wò fagi lé irinwó ó dín mọ́kànlá nínú wọn. Igba ó lé mẹ́tàlélógún ló kù. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó lẹ́tà yóò ṣí ní Ọjọ́bọ̀. Bí ó bá gbé ìwé náà lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wa ti kú kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù.

3. Ohun tí akọ̀wé náà kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ni pé: "Ìka wọ̀nyí kò ní ìlà. Ẹnìkan ló fi ohun kan tó ń dán tẹ gbogbo wọn." Mi ò bínú sí i. Ọwọ́ àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́.

4. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Òmùwẹ̀ kan a máa lọ sísàlẹ̀ òkun ní nǹkan bí ìgbà àádọ́ta lóòjọ́, fún oṣù mẹ́rin gbáko. Ìka ló fi ń já ìkarahun tí péálì ń wà nínú rẹ̀ kúrò lára àpáta. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń fi awọ ewúrẹ́ bọ orí ìka, akọ̀wé yín sì lè fi ìyẹn ta kò mí. Ṣùgbọ́n awọ náà kì í gbẹ. Omi iyọ̀ a dúró sínú rẹ̀ látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ara ìka a rọ̀, a sì máa bó bí èèpo àlùbọ́sà. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta, awọ náà á ti lu, ìkarahun á sì wá máa họ ìwọ̀nba tó kù. Ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ tó ń fa òmùwẹ̀ sókè kò sàn jù ú lọ: okùn ti jó ìka tirẹ̀. Síbẹ̀, ìlà ìka kì í kú. Bí ènìyàn bá ti wà lórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, yóò padà hù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

5. Ibi tí ẹ̀bi tèmi wà nìyí, mi ò sì ní fi pamọ́. Èmi ni mo yan ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ka. Mo yan ọjọ́ tí ìbọn dún ní òpin oṣù mẹ́rin náà pé kí gbogbo ọkọ̀ wálé, nítorí ọjọ́ yẹn nìkan ni gbogbo ọkùnrin wa máa ń wà létíkun pa pọ̀. Nínú gbogbo ọdún, kò sí ọjọ́ tí ìka wọn ń burú tó ọjọ́ yẹn. Èmi tí mo ń fi òróró pa ọwọ́ wọn lọ́dọọdún, n kò rántí.

6. Ẹ̀yin ọ̀gá, ì bá wù mí kí ẹ ti wà níbẹ̀! Ọgọ́ta ọkọ̀ ló ń wọlé, àwọn obìnrin ń ti imọ̀ ọ̀pẹ tó ń jó bọ òkun pé ó tó gẹ́ẹ́, kó dá ọkọ àwọn padà. Mo gbé tábìlì sórí yanrìn, kò sì pẹ́ tí ìlà àwọn tó fẹ́ tẹ̀ka fi gùn dé ẹnu ọjà. Mabruk bin Firuz, òmùwẹ̀ tí irun rẹ̀ ti funfun, ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó sì bi mí pé: "Dókítà, ṣé òótọ́ ni pé ohun tí mo fẹ́ ni wọ́n ń bi mí? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ohun tí mo lè gbé ni wọ́n máa ń bi mí." Ubaid, tó ti ń fa okùn rẹ̀ láti ogún ọdún, dáhùn lẹ́yìn rẹ̀ pé: "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ kíá, èrò ti pọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ má sì fi tòsì tẹ̀ ẹ́, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì má baà ní a ò lẹ́kọ̀ọ́." Gbogbo etíkun bú sẹ́rìn-ín.

7. Ẹ̀rí nìyí pé kì í ṣe ọwọ́ ẹnìkan. Lánàá, akọ̀wé yín fún mi láyè láti fi rúlà wọn àwọn ìtẹ̀ka náà lójú rẹ̀. Fífẹ̀ wọn kò dọ́gba rárá. Nọ́ńbà 140 ní àpá gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ òsì: èmi ni mo rán an nígbà tí ẹja bù ú jẹ. Nọ́ńbà 302 kò ní orí ìka. Ọdún tó kọjá ni mo gé e. Mo dá àpá mọ́kàndínlógójì mọ̀, mo sì kọ orúkọ wọn mọ́ ìwé yìí. Òkun ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń mòòkùn sí. Wọn kò mòòkùn jalè.

8. Àwọn igba ó lé mẹ́tàlélógún tó kù, oníṣòwò àti akọ̀wé ni gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín ti ń sọ fún mi lẹ́nu géètì pé: "Ẹ ò rí i, Dókítà, àwọn olówó nìkan ló fẹ́ ìgbìmọ̀ yín." Nígbà tí Umm Shahin, ìyàwó òmùwẹ̀ kan, gbọ́, ó ní: "Ọkọ mi ò ní ìlà lọ́wọ́, àmọ́ ó ní ẹnu. Kí wọ́n wá bi í."

9. Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ìyẹn náà lọ. A kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọkọ̀ yín kò sì ní dúró dè wá. Ẹ jọ̀ọ́, ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ gbé ìwé náà wá sí èbúté. Ẹ pe orúkọ kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù yóò jáde, yóò dárúkọ bàbá rẹ̀, yóò na ọwọ́ rẹ̀ sí yín, yóò sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó tẹ̀ka sí. Ẹni tó ń fa okùn rẹ̀ yóò búra pé òun ni. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ èké, ẹ fa gbogbo ìwé náà ya lójú wa.

10. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá wá sọ pé rárá, a ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun tí a béèrè ni wọ́n kọ̀, kó má jẹ́ ọwọ́ tí a fi béèrè.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fi sùúrù kà á dópin.

Èmi ni tiyín, tí yóò wà ní èbúté kí oòrùn tó yọ,

Khalaf bin Nawwaf,
Dókítà Àwọn Òmùwẹ̀, Umm Sidra.