Bọ́tìnnì tí Dàpọ̀ Fi Sójú Ìwé Ìkórè

Bàbá mi tí mi ò yéé bá sọ̀rọ̀,

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tún ti dé. Láti ìgbà tí ẹ ti papò dà, iṣẹ́ yín ṣì wà lọ́wọ́ mi: àwọn ìwé ìpè tí ẹ máa ń fọwọ́ kọ, tí ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn káàkiri Aramọkọ láti pín. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń kọ ọ́ báyìí. Ṣé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?

Dàpọ̀ ọmọ mi ló ṣe é ránṣẹ́ láti Àbújá. Inú Wọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ̀wé ni lẹ́tà wà, inú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń to nǹkan ni orúkọ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ó fi bọ́tìnnì kan sójú lẹ́tà. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, Ẹ́sẹ́ẹ̀lì á ṣí fúnra rẹ̀, á to orúkọ, á sì kó wọn wá sínú lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Màkírò ló pè é.

Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Ọdún kẹta rèé tí ọmọ yẹn ti wálé kẹ́yìn. Mo ní á ti to orúkọ ní A, B, D, bíi ti iléèwé. Bí àbúrò bá sì gba ìwé ṣáájú ẹ̀gbọ́n ní ìlú wa, ẹ̀gbọ́n ò ní yọjú sí ìkórè. Ẹ rántí ọdún tí mo sáré lọ fún Bàbá Onírin níwèé ṣáájú ẹ̀gbọ́n wọn? Ẹ̀yin lẹ lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ẹ ò bú mi. Ó ṣì ń dùn mí.

Lánàá, mo tẹ bọ́tìnnì. Ìlà yẹ́lò kan yọ lókè, ó ń bèèrè bóyá kí màkírò náà ṣiṣẹ́. Mo wò ó títí ife tíì mi fi tutù, kí n tó gbà fún un. Mo wá gbé ìwé orúkọ yín àtijọ́ tí ẹ fi kàlẹ́ńdà bò, mo fi wé e. Kò ṣi ẹyọ orúkọ kan. Ẹ̀gbọ́n ṣáájú Bàbá Onírin!

Mo pe Dàpọ̀. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn: “Màámi, ẹ̀yin náà! Ṣé Bàbá àgbà máa ń jẹ́ kí n jẹun tí mi ò bá tíì ka orúkọ inú ìwé yẹn tán, láti orí àgbà?”

Ẹ ò sọ fún mi rí. Ìgbà wo lẹ ráyè kọ́ ọ?

Lẹ́tà tó jáde kẹ́yìn, orúkọ Dàpọ̀ ló wà lára rẹ̀. Òun ló fi ara rẹ̀ sí i. Mi ò lè bi í bóyá ó ń bọ̀. Mo ti fi lẹ́tà náà sínú ìwé yín. Bí ó bá dé, ọwọ́ ni màá fi fún un, lẹ́yìn tí gbogbo àgbà bá ti gbà tán.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti mọ ilé tó yẹ kó kọ́kọ́ yà.